Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀: akápò ẹgbẹ́ ti tọrọ ìdáríjì, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kí ló kù tó yẹ kó ṣe?

Olùdarí Kíláàsì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Màmá kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wọn mú ₦180,000 nínú owó ẹgbẹ́ lọ́dún 2021. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé owó, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti sunkún tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àìmọye ìgbà, síbẹ̀ kò rí oorun sùn. Ó ti ń sá fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Wòlíì kan tó lọ bá ní àìsàn náà kò ní lọ àfi bó bá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Ó tún ní kó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, kó máa mu omi àdúrà.

Màmá ló ní kí n bá òun béèrè. Ta ló yẹ kó jẹ́wọ́ fún? Ṣé dandan ni kó dá owó yẹn padà, nígbà tó jẹ́ pé Ọlọ́run ti dárí jì í? Kí ló sì dé tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ká tó dé ibi ìjẹ́wọ́ rárá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má fi oògùn wọn sílẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń rò pé òun ti sàn. Ẹni tó bá ṣàdédé dá oògùn dúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fò sókè, kí rọpárọsẹ̀ tẹ̀lé e. Àdúrà kò bá oògùn jà.

Jákọ́bù orí 5 tí wọ́n máa ń kà fún aláìsàn, ẹ tún un kà dáadáa. Ẹsẹ 15 ní *bí* ó bá ti dẹ́ṣẹ̀. Kò sọ pé gbogbo aláìsàn ló dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè lórí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú pé ta ló ṣẹ̀, ó ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ (Jòhánù 9:3).

Ní ti àìróorunsùn: bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wù wọ́n, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ wọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ wọn mọ́, ọ̀rọ̀ ti kan dókítà. Bí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu wọn pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Arò ní Abẹ́òkúta kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó ẹni tó ń já aṣọ sí nìkan. Ẹni tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ náà ń gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Ọmọ Aládùúrà
Mo fara mọ́ ti oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ rọ́ ìjẹ́wọ́ ní gbangba sẹ́yìn. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 19:18-19, àwọn tó gbàgbọ́ ní Éfésù wá, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn onídán kó ìwé wọn jọ, wọ́n sun ún lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó rẹ̀, ó jẹ́ 50,000 fàdákà. Nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, lọ́dún 1930, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èèyàn ń kó oògùn ìbílẹ̀ àti òrìṣà wọn jáde, tí wọ́n ń dáná sun wọ́n. Òwe 28:13 kò fi bò: ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ṣe rere. Bí Màmá bá ti dìde tí wọ́n sọ ọ́, kí ni Sátánì tún fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n?

Pásítọ̀ Ìletò
Ẹ̀gbọ́n Aládùúrà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sun ní Éfésù jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ wọn. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ bá dé ni kí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ dé. Èrò burúkú tó wà lọ́kàn, ti Ọlọ́run nìkan ni. Èyí tó kan ẹnì kan, ẹni náà ni ká lọ bá. Èyí tó kan ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Mátíù 18:15 ní kí a sọ ọ́ láàárín ìwọ àti òun nìkan kó tó di ti ìjọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó máa ń bàjẹ́ níbi ìjẹ́wọ́ ojú agbo. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ máa ń dárúkọ ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀. Ọkọ máa ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín èrò. Àwọn ọmọ kéékèèké jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan á ti gbé fóònù sókè, kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ti wà lórí WhatsApp. Bó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ panṣágà, ilé méjì ló dàrú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó jẹ́wọ́ á sì ṣí kúrò ní ìjọ. Ẹni tó yẹ kó rí ìwòsàn ti di ẹni à ń nàka sí.

Ìyá Rósárì
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é ní Ìjọ Kátólíìkì, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ láìmọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò ọkàn ló kọ́kọ́ wà. Ẹ jókòó pẹ̀lú Òfin Mẹ́wàá, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín léèrè. Ẹni tó ń gbàgbé lè kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, kó ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Fáda, ẹ fi àmì àgbélébùú ya ara yín, ẹ sọ ìgbà tí ẹ jẹ́wọ́ kẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, irú rẹ̀ àti iye ìgbà ni kí ẹ sọ (Òfin Ìjọ 988). "Mo jí owó tó wà níkàáwọ́ mi, bí ìgbà mẹ́sàn-án." Ó tó. Fáda kò nílò ìtàn bí ọjà ṣe rí lọ́dún yẹn, kò sì nílò orúkọ ẹnikẹ́ni. Fáda á gbà yín níyànjú, á fún yín ní iṣẹ́ ìrònúpìwàdà, ẹ ó gbàdúrà ìkáàánú, á sì ka ìdáríjì lé yín lórí. Kì í gba owó. Òfin Ìjọ 989 ní ká ṣe é ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láti ìgbà Ìgbìmọ̀ Látẹ́ránì (ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù) ti 1215 ni àṣẹ yẹn ti wà.

Ní ti àṣírí: Òfin 983 kò jẹ́ kí Fáda fi ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ohunkóhun mìíràn tú u, ohun yòówù kó fà á. Èyí tó bá tú u ní tààrà ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdàpọ̀ ìjọ (Òfin 1386). Ojú kan ojú kò pọndandan, àgánrándì tó ní ihò wẹ́wẹ́ wà láàárín. Mo tún fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ṣẹ́yún tí wọ́n ń bẹ̀rù gbọ́ èyí: láti oṣù kọkànlá 2016 ni Póòpù Francis ti fún gbogbo àlùfáà láṣẹ láti dárí rẹ̀ jini. Ẹ kò ní láti wá bíṣọ́ọ̀bù lọ.

Ṣùgbọ́n Fáda kò lè fi "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá dípò ₦180,000. Olówó ṣì ní owó rẹ̀ láti gbà.

Òtítọ́ Ọ̀rọ̀
Alárinà kan ló wà, Jésù Kristi (1 Tímótì 2:5). 1 Jòhánù 1:9 ní bí a bá jẹ́wọ́, olóòótọ́ ni òun láti dárí jì wá. Kí ló wá kan Fáda, kí ló kan pásítọ̀? Màmá ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Ó parí.

Ìwé Àdúrà
Arákùnrin Òtítọ́, bó bá ti parí, wọn ì bá ti sùn. Ìwé Jákọ́bù 5:16 náà wà nínú Bíbélì: ẹ jẹ́wọ́ fún ara yín, kí a lè mú yín láradá. Ọlọ́run ló ń dárí jini, kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Etí èèyàn tó ń gbọ́ ọ, ìdí tó fi wúlò ni pé èèyàn lè tan ara rẹ̀ jẹ níwájú Ọlọ́run tí kò rí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń di "Olúwa, gbogbo àìṣedéédéé mi." Níwájú ẹnì kejì, ó di dandan kéèyàn pe nǹkan lórúkọ rẹ̀.

Ní Áńgílíkà, gbogbo wa la jọ ń ka ìjẹ́wọ́ ní Àdúrà Òwúrọ̀ àti ti Ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Ìwé Àdúrà ti 1662 tún fi ààyè sílẹ̀. Nínú ìkìlọ̀ kan tó ṣáájú Ìdàpọ̀ Mímọ́, ó ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tọ àlùfáà olóye lọ. Nínú ètò ìbẹ̀wò aláìsàn, ó ní kí a rọ aláìsàn láti jẹ́wọ́ ohun tó wúwo lọ́kàn rẹ̀, àlùfáà á sì sọ ìdáríjì fún un. Ohun tí a máa ń sọ ni pé gbogbo ènìyàn lè ṣe é, a kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, àwọn kan sì wà tó yẹ kí wọ́n ṣe é. Mo rò pé Màmá yìí wà lára wọn.

Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, Mátíù 18 jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ti ẹni tó ṣẹ̀ ni Mátíù 5:23-24: fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Ẹsẹ yẹn ló jọ pé ó ń da Màmá láàmú níbi Oúnjẹ Olúwa.

Pásítọ̀ Ìletò
Òótọ́ ni, orí 5 ló bá a mu. Ibi kan náà ni méjèèjì darí wa sí: ẹni tó kàn.

Arábìnrin Sákéù
Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìdápadà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fò.

Òfin Mósè yà wọ́n sọ́tọ̀. Olè tí wọ́n *mú*: bí ẹran tó jí bá ṣì wà láàyè lọ́wọ́ rẹ̀, méjì ni yóò fi san, bó bá ti pa á tàbí tó ti tà á, màlúù márùn-ún fún màlúù kan, àgùntàn mẹ́rin fún àgùntàn kan (Ẹ́kísódù 22:1, 4). Ṣùgbọ́n ẹni tó *fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́*, gbogbo ohun tó mú ni yóò dá padà, yóò sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e (Léfítíkù 6:1-5, Númérì 5:6-7). Ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá wá fúnra rẹ̀? Bí ẹni tó ni ín bá ti kú tí kò sì ní ìbátan, ti àlùfáà ni (Númérì 5:8).

Lúùkù 19:8 wá yani lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mú Sákéù agbowó-òde, síbẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin, owó ẹni tí wọ́n mú, ló dá lé ara rẹ̀. Jésù kò béèrè iye kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún Màmá, ìdá márùn-ún ₦180,000 jẹ́ ₦36,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦216,000.

Òtítọ́ Ọ̀rọ̀
A kò sí lábẹ́ òfin. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti san án. Ẹ ń dá ẹrù padà sí ọrùn èèyàn.

Arábìnrin Sákéù
Ẹ̀jẹ̀ Jésù san gbèsè tí wọ́n jẹ Ọlọ́run. Àwọn obìnrin tó ń dá ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tíì rí owó wọn. Mo gbà pé ìdá márùn-ún kì í ṣe òfin lórí wa. Bí Màmá kò bá lágbára rẹ̀, ₦180,000 náà ni. Ṣùgbọ́n odindi owó tí wọ́n mú kò ṣeé yẹ̀. Bí wọn kò bá sì ní in rárá, kí wọ́n sọ pé àwọn kò ní in. Ẹni tó ní ọkàn láti san tí kò rí owó kì í ṣe ọlọ́ṣà mọ́.

Aṣírò Owó
Nípa bí wọ́n ṣe máa san án gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n fi owó sínú àpò ọrẹ láìkọ orúkọ, kí wọ́n ní àwọn ti san. Owó ìjọ nìyẹn, kì í ṣe owó ẹgbẹ́. Àpò ọ̀tọ̀ ni, ẹni tí wọ́n jẹ kò gba nǹkan kan, ìwé ẹgbẹ́ ṣì ń purọ́. Àwọn kan á rọra fi í sínú owó ẹgbẹ́ láìsọ. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé owó á tún dàrú lọ́nà kejì, akápò tó ń bọ̀ á sì jẹ̀bi ohun tí kò mọ̀.

Kí wọ́n jókòó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò: oṣù wo, eélòó, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé dípò rẹ̀. Kí wọ́n lọ bá alága ẹgbẹ́ àti pásítọ̀, àwọn méjì péré. Kí wọ́n mú nǹkan lọ́wọ́ bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kó kéré. Bí ₦216,000 bá wúwo, ₦18,000 lóṣù á parí lóṣù méjìlá. Kí wọ́n gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà. Ohun kan tí ẹ kò mẹ́nu bà: ₦180,000 ti 2021, àpò ìrẹsì tó lè rà nígbà náà, kò lè rà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí. Nítorí náà, ìdá márùn-ún kò tilẹ̀ pọ̀.

Fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí: bó bá jẹ́ owó ilé-iṣẹ́ tàbí ti ìjọba ni, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìrònúpìwàdà kò dí ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ọmọ Aládùúrà
Ẹni méjì péré? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ló ni owó. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi pamọ́ sí ọ́fíìsì pásítọ̀ tún lè di ìbòmọ́lẹ̀ kejì.

Pásítọ̀ Ìletò
Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ni mo gbà fún yín. Ẹni méjì ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹgbẹ́ ló máa gbọ́ tẹ̀lé e, ní ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan. Kì í ṣe gbogbo ìjọ, kì í ṣe orí pẹpẹ. Kí alága ti sọ ṣáájú pé kò sí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ wọn ńkọ́? Kí wọ́n sọ fún un kí wọ́n tó lọ bá alága, torí owó ilé ni wọn yóò fi máa san án.

Olùdarí Kíláàsì
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má wá a o: iye owó àti ọdún tí mo kọ, mo ti yí wọn padà. Màmá ti ń lo oògùn wọn. Ìbéèrè wọn báyìí ni pé kí ni àwọn máa sọ gan-an, torí ẹnu wọn máa ń há bí wọ́n bá ti ń ronú sí i. Wọ́n sì ní bí àwọn bá ṣe gbogbo èyí tí ọkàn kò sì balẹ̀ ńkọ́?

Ìwé Àdúrà
Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Irú èyí: "Mo mú ₦180,000 nínú owó ẹgbẹ́ láti oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án. Mo kọ irọ́ sínú ìwé kí ẹ má baà mọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo tọrọ ìdáríjì. Mo fẹ́ san án padà, ètò rẹ̀ rèé." Ó parí. Kò sí "bí mo bá ti ṣẹ̀ yín," kò sí "ìṣòro ló fà á."

Ẹ fi Sọ́ọ̀lù wé Dáfídì. Àwọn méjèèjì ló sọ pé "mo ti ṣẹ̀." Sọ́ọ̀lù fi kún un pé àwọn èèyàn lòun bẹ̀rù, ó tún bẹ Sámúẹ́lì pé kó bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà (1 Sámúẹ́lì 15:24, 30). Dáfídì kò fi nǹkan kan kún un (2 Sámúẹ́lì 12:13).

Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́, kí wọ́n dákẹ́. Àwọn kan lára ẹgbẹ́ á sunkún, ẹnì kan á bínú. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bínú. Kí Màmá má fi dandan gba "mo ti dárí jì yín" lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Rósárì
Lórí ọkàn tí kò balẹ̀: bí wọ́n bá ti jẹ́wọ́ tán tí wọ́n sì ti ń san án, kí wọ́n má tún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà jẹ́wọ́ mọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fáda yìí lónìí, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ òmíràn lọ́la. Ìyẹn kì í ṣe ìrònúpìwàdà, ìbẹ̀rù ni, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí èèyàn bá ṣe ń tún un ṣe. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n mú olùgbọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n ṣe ohun tó bá sọ, kí wọ́n má sì gbé e ká. Bí èrò náà bá dé lóru, Sáàmù 32 ni kí wọ́n kà, kì í ṣe 51. Dáfídì tó ti gba ìdáríjì ló wà níbẹ̀: nígbà tó dákẹ́, egungun rẹ̀ gbó, nígbà tó sọ ọ́, Ọlọ́run dárí jì í.

2 Kọ́ríńtì 7:10 sọ oríṣi ìbànújẹ́ méjì. Júdásì káàánú, ó dá 30 fàdákà padà, ṣùgbọ́n ó lọ pokùn so. Pétérù sunkún kíkorò, ó sì padà sáàárín àwọn yòókù. Ẹ má jẹ́ kí Màmá ya ara wọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Kí ẹnì kan bá wọn jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n sì ti jẹun, kí wọ́n ti lo oògùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ síbẹ̀.

Olùdarí Kíláàsì
Wọ́n ti sọ fún Bàbá nílé. Bàbá bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á bá wọn san nínú rẹ̀. Alága la máa rí tẹ̀lé e. Ṣé kí Màmá ṣì máa ṣe akápò nìṣó títí wọ́n á fi san án tán?

Aṣírò Owó
Rárá, bí ẹgbẹ́ tilẹ̀ dárí jì wọ́n. Kí wọ́n fi ipò sílẹ̀ fúnra wọn lọ́jọ́ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Kí wọ́n kó ìwé owó, rìsíìtì, kọ́kọ́rọ́ àpótí àti ìwé báǹkì lé alága lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n kó sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí Màmá mú ọ̀kan. Kí ẹgbẹ́ yí àwọn tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ní báǹkì padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kó di ẹni mẹ́ta tí méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Nínú ìwé tuntun, kí wọ́n ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ìsanpadà: ọjọ́, iye, àṣẹ́kù, ìbuwọ́lù akápò tuntun àti ti Màmá.